Ẹ dákun, ta lẹ mọ̀ tó lè bá mi yọ àwòrán mi kúrò lọ́wọ́ olè?

Oníbáàgì: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí ò gba ìdúró. Ẹnì kan kó àwòrán báàgì mi, ó ń fi wọ́n tajà. Ó ń gbowó, kì í fi ọjà ránṣẹ́, èmi wá ni àwọn èèyàn ń pè ní oní-gbájú-ẹ̀. Ta lẹ mọ̀ tó lè bá mi yọ ọ́ kúrò? Màá sanwó. Kó tó di alẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́.

Ayàwòrán: Ẹ pẹ̀lẹ́. Orí ibo ló wà? Ta ló sì ya àwòrán náà? Torí ẹni tó yà á lòfin sábà máa ń kà sí oní-nǹkan, kì í ṣe ẹni tó ni báàgì, àfi tí àdéhùn bá wà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni mo máa ń hun. Nígbà tí wọ́n jí àwòrán tèmi, ọkùnrin kan ní òun mọ èèyàn nílé-iṣẹ́ tó ni ojú ọjà yẹn, pé láàárín wákàtí méjì òun á ti bá mi yọ gbogbo ẹ̀. Mo sanwó. Ó ní kí n mú password mi wá kóun lè fi orúkọ mi fẹjọ́ sùn. Mo fún un. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, èmi gan-an ò lè wọlé mọ́. Ojú ìwé tí mo fi ọdún mẹ́rin kó oníbàárà jọ sí, òun ló ń fi tajà tiẹ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń pè é, ó ń dún, kò gbé e. Títí dòní mi ò rí ojú ìwé yẹn gbà padà.

Aránbàtà: Háà, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú.

Tinúkẹ́: Ó dùn mí fún yín, mà. Àmọ́ password tẹ́ ẹ gbé fún un ló fa wàhálà, kì í ṣe owó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà.

Ìyá Ìbejì: Kí ni wọ́n fẹ́ bá yín ṣe tẹ́ ẹ ò lè fọwọ́ ara yín ṣe? Fọ́ọ̀mù lásán ni! Ká ní mo ti mọ̀ nígbà yẹn ni.

Amòfin: Òótọ́ ni màmá sọ. Òfin Amẹ́ríkà kan wà lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ bí àwòrán tàbí ìwé, tí wọ́n ń pè ní DMCA, ọdún 1998 ni wọ́n ṣe é, òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí ń tẹ̀ lé. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Nínú fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi àwòrán tiyín hàn, kẹ́ ẹ fi link èyí tó jí sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan o, ẹ má kàn fún wọn ní link ojú ìwé rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ yín, ímeèlì, gbólóhùn pé òótọ́ lẹ sọ, àti ìbuwọ́lùwé. Ẹ mọ̀ pé orúkọ àti ímeèlì yín lè dé ọwọ́ olè náà. Tó bá lóun ò jalè, ilé-iṣẹ́ lè gbé àwòrán náà padà lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14, àfi tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Tinúkẹ́: Ọjọ́ mẹ́rìnlá kẹ̀? Alẹ́ òní ló sọ.

Amòfin: Ẹ tún un kà, Tinúkẹ́. Ìyẹn wà fún gbígbé e padà, kì í ṣe yíyọ.

Aránbàtà: Watermark ni ojútùú. Ẹ kọ orúkọ yín gàdàgbà sáàárín àwòrán.

Ayàwòrán: Ìṣẹ́jú kan báyìí ni wọ́n fi ń pa á rẹ́, ó sì ń ba ọjà yín jẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ rà. Èyí tó wà nínú fóònù tẹ́ ẹ fi yà á ni kẹ́ ẹ tọ́jú, torí ọjọ́ àti wákàtí tẹ́ ẹ yà á wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gba orí WhatsApp fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, ìyẹn ti lọ.

Aránbàtà: Èmi ti ń lo watermark tipẹ́, wọn ò jí tèmi rí.

Olùrajà: Ẹ forí jì mí, ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń dá irú àwọn olè yìí mọ̀ kó tó sanwó?

Ayàwòrán: Ẹ fi Google Lens tàbí TinEye wá àwòrán náà, kẹ́ ẹ lè rí ibòmíì tó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti TinEye lè to èyí tó ti pẹ́ jù síwájú. Tàbí kẹ́ ẹ ní kí ọlọ́jà gbé bébà tó kọ orúkọ yín sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà, kó yà á báyìí báyìí. Tó bá ń sọ̀rọ̀ yí po, ẹ máa lọ.

Oníbáàgì: Ẹ ṣé o. Orí Facebook ni. Èmi ni mo fi fóònù mi yà á, gbogbo mẹ́tàlélógún. Ó ti gé orúkọ mi kúrò nísàlẹ̀, àmọ́ kò kíyè sí ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò mi òsì wà létí okùn báàgì pupa yẹn, àpá tí abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán awọ dá síbẹ̀ hàn kedere lábẹ́ èékánná. Mo ti ṣe fídíò: mo gbé àtàǹpàkò náà ti báàgì, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà mi, mo sì fi sábẹ́ ọjà tirẹ̀. Mi ò tíì kọ fọ́ọ̀mù kankan. Orúkọ mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe.

Amòfin: Ẹ ti ta á lólobó nìyẹn! Ẹ ya screenshot kó tó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi sílẹ̀ jàre, orúkọ ló ṣáájú. Ọmọ mi, ṣé ẹ ti ya screenshot?

Oníbáàgì: Mi ò yà á, mà. Ó ti block mi. Mi ò rí nǹkan kan mọ́.

Ayàwòrán: Ẹ fi orúkọ ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, màá ya gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú link wọn.