Ìfisí-yàrá ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà dábàá lánàá pé kí sọ́fítíwià tí ènìyàn fi sábẹ́ orúkọ tirẹ̀ nìkan lórí kọ̀ǹpútà máa jẹ́ "ìfisórí ẹnìkọ̀ọ̀kan", kí èyí tí gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà lè rí sì jẹ́ "ìfisórí gbogbogbò". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà. "Ẹnìkọ̀ọ̀kan" ń pín nǹkan káàkiri ni. Bí mo bá ní mo ra aṣọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú ilé, kò sẹ́ni tí kò ní rí gbà. Lórí ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹni tó fi í síbẹ̀ nìkan ló ń rí i lò.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Láàgéré, Ilé-Ifẹ̀ níbí, àwa mẹ́rin la ń lo kọ̀ǹpútà kan, kálukú pẹ̀lú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Àbúrò mi obìnrin fi Visual Studio Code, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ wa wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ó wá a títí, kò rí i, ó ní wọ́n ti yọ ọ́. Mo ní kí àbúrò mi wọlé. A ṣí AppData, fódà tí Windows máa ń fi pamọ́ lábẹ́ orúkọ òǹlò, a sì bá a níbẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú Program Files, fódà tí gbogbo òǹlò ẹ̀rọ jọ ń lò, torí láìgba àṣẹ alábòójútó, ènìyàn kò lè kó nǹkan síbẹ̀.

Àṣẹ yẹn gan-an ni àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià ń yẹra fún. Nígbà tí Google Chrome jáde lọ́dún 2008, fódà òǹlò ló ń wọ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lè fi sí i láìbẹ ẹnikẹ́ni, Chrome sì lè máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láìbéèrè páásíwọ́ọ̀dù.

Ẹ wo agbo-ilé. Ohun tí mo bá gbé kọ́ sí yàrá mi, ta ni yóò bi mí? Ṣùgbọ́n kí n tó gbé odó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo yàrá ṣí sí, mo gbọ́dọ̀ sọ fún olórí ilé. Nítorí náà ni mo ṣe mú "ìfisí-yàrá" àti "ìfisí-ọ̀dẹ̀dẹ̀" wá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tún fi ohun tí ìfisí-yàrá ń náni hàn: bí àwa mẹ́rin bá gbé odó sí yàrá, odó mẹ́rin ló gba àyè nínú ilé kan, bí Visual Studio Code mẹ́rin yóò ṣe gba àyè lórí dísìkì kan.

"Àdáni" tí ẹnìkan mú wá kò ṣe é lò rárá. Ilé-ìwé àdáni, ilé ìwòsàn àdáni: ohun ìní ló ń sọ. Àbúrò mi kọ́ ló ni Visual Studio Code.

Ẹni tó ń fúnni láṣẹ ló kù tí mò ń rò. Mo kọ́kọ́ kọ "baálé", mo pa á rẹ́, torí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù wa ló mọ páásíwọ́ọ̀dù náà. Mo padà sí "alábòójútó". Bí ẹ bá ní èyí tó bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mu jù ú lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́.