Fìrísà tuntun tí kò dì: kí ni ẹ ṣe nígbà tí ẹni tó tà á kọ̀ láti gbà á padà?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Iléṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra fìrísà tuntun lọ́wọ́ oníṣòwò kan nílùú wa yìí. Kí n tó san kọ́bọ̀ ni mo ti sọ fún un pé ẹja títà ni mo fẹ́ máa fi dì, àti pé èyí tó kàn lè mú omi tutù kò wúlò fún mi. Ó ní èyí tó tọ́ sí mi gan-an nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo ṣí i, mo bá páálí ẹja méjì tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí omi rẹ̀ ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ìka ló nà sí àkọlé ara ògiri rẹ̀: “Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.” Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹja náà ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Iléṣà: Mo dà á nù. N kò lè ta ohun tí n kò ní fún ọmọ mi jẹ.

Bàbá Ìbejì, Lágeré: Tèmi ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí ní ọdún 2021. Fìríìjì ni, kò sì pé oṣù kan tó fi dákẹ́. Orí fóònù nìkan ni mo ti ń bá ẹni tó tà á sọ̀rọ̀, òun náà sì ń sọ pé “ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i,” títí oṣù mẹ́ta fi kọjá, tó wá ní òun kò gbọ́ nǹkan kan rí láti ẹnu mi. Mo mú rìsíìtì jáde, ṣùgbọ́n “fìríìjì kan” ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo sanwó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ó sì ń dùn mí dòní.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Ifẹ̀: Màmá, àkọlé yẹn kò lè gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé bí oníbàárà bá ti sọ iṣẹ́ pàtó tí ó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó tà á, tí ọjà náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ náà, ó lè dá a padà láàárín àsìkò tó bọ́gbọ́n mu, kí ó sì gba owó rẹ̀ pé. Òfin yìí kan náà ló ní kí oníṣòwò fún ènìyàn ní ìwé ọjà tó rà. Ọ̀rọ̀ ẹja tí ẹ sọ kí ẹ tó sanwó yẹn ni agbára yín. Ṣé ẹnìkan gbọ́ ọ?

Atúnfìríìjìṣe, Sábó: Kí a tó dá oníṣòwò lẹ́bi, báwo ni wọ́n ṣe gbé e wá? Bí wọ́n bá dá fìrísà dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ń ṣàn wọ inú páìpù, ó sì yẹ kó dúró fún wákàtí mélòó kan kí a tó tan iná sí i. Iná tí kò lágbára tó náà máa ń mú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbóná títí yóò fi jó.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń gbèjà oníṣòwò.

Atúnfìríìjìṣe, Sábó: Rárá, àbúrò. Ohun tí oníṣòwò yóò fi ṣe àwáwí ni mo ń sọ, kí Màmá lè ti ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, nítorí wọn yóò ní òun ló bà á jẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Iléṣà: Ọkọ̀ tiwọn ló gbé e wá, ní ìdúró. Mo ní sìtábíláísà. Kò sẹ́ni tó tú u, aládùúgbò mi sì wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹja.

Ọmọ Ọbòkun: Kí ló wá kù? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá! Ẹ lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí Òṣómàáló, kí ẹ má dìde títí yóò fi san án.

Bàbá Ìbejì, Lágeré: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ẹni tó tajà láwìn ni Òṣómàáló. Bí a bá dí ìsọ̀ mọ́ ènìyàn lónìí, ọlọ́pàá ni yóò pè, ẹjọ́ yóò sì yí padà.

Ọmọ Òṣómàáló, Iléṣà: Bàbá mi àgbà ṣe iṣẹ́ yẹn, aṣọ ló ń tà kiri. Òótọ́ ni pé àwìn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo ni ó fi ń gbowó. Ó mọ ọjọ́ tí ó tajà, ó mọ iye rẹ̀, ó sì ń padà lọ ní ọjọ́ tí ẹni náà dá fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Ifẹ̀: Ohun tí lẹ́tà ń ṣe gan-an nìyẹn. Màmá, ẹ kọ ọ̀kan sí oníṣòwò náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, iye owó, nọ́ńbà ẹ̀yìn fìrísà, ọjọ́ tí ó kọ̀ láti dì, àti ohun tí ẹ fẹ́. Kí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ méjì, kí ó fọwọ́ sí ọ̀kan fún yín. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí àjọ FCCPC.

Ìyá Onísọ̀, Mọdákẹ́kẹ́: Ṣé ó dá yín lójú pé tuntun ni? Wọ́n ta tòkunbọ̀ tí wọ́n tún kùn fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Ifẹ̀: Ìyẹn náà lòdì sí òfin, Màmá. Ó pọn dandan kí wọ́n fi hàn gbangba pé a ti lo ọjà náà rí.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Iléṣà: Mo ti dé, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi àti aládùúgbò mi la jọ lọ. Ó kọ́kọ́ ní òun yóò tún un ṣe, mo ní rárá, owó mi ni mo fẹ́. Nígbà tí ó ka lẹ́tà náà dé ibi ọ̀rọ̀ ẹja, ó wo aládùúgbò mi, ó sì dákẹ́. Wọ́n ti wá gbé fìrísà náà lọ láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n wá gba owó ní ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá Ìbejì, Lágeré: Ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti gbé e lọ?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Iléṣà: Ó kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.