Bọ́tìnnì tó ń fọhùn fún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù (autism, tó lè mú kí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro)

Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ará, Arduino Nano (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí bọ́tìnnì) àti DFPlayer Mini (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ jáde) ni mo fi ṣe é, bọ́tìnnì 12 tí ọmọ lè tẹ̀ láti sọ ohun tó fẹ́. Ariwo ń dà pọ̀ mọ́ ohùn rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì máa ń kú bí mo bá gbé ohùn sókè. Kí ló dé?

Kétu: Ẹ fi resistor 1 kΩ (èyí tó ń dín ìṣàn iná kù) sáàárín Nano àti RX, ibi tí DFPlayer ti ń gba àṣẹ, ariwo á dínkù. Kíkú yẹn, iná ni kò tó: ẹ so capacitor 470 µF (èyí tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) mọ́ VCC àti GND DFPlayer, ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà padà.

Sábẹ̀ẹ́: Ẹ̀gbọ́n, 12 ti pọ̀ jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 4 bẹ̀rẹ̀: omi, oúnjẹ, "mo tún fẹ́", "ó tó". Ẹ má ṣe yọ "ó tó" o! Ọmọ tí kò rí ọ̀nà sọ pé òun kò fẹ́ nǹkan lè fi igbe kọ̀ ọ́. Ẹ má pààrọ̀ ipò bọ́tìnnì. Bó bá tẹ omi, ẹ fún un lómi lójú ẹsẹ̀.