Báwo ni kí a ṣe pín owó ìrànwọ́ fún àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Ìdílé mẹ́fà tí omíyalé lé kúrò nílé ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn ń sùn nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa. Àwa tí a sì rántí omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980 àti ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011 mọ̀ pé wàhálà rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Aṣọ tí àwọn aláàánú kó wá ti di òkìtì, ṣùgbọ́n ìyá kan tí mo bá lánàá, tí ó ń ṣí ojú ewé ìwé ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè gbẹ, sọ fún mi pé owó ilé ni òun ń wá. Owó tí a dá jọ kò lè gba ilé fún ju ìdílé méjì lọ. Ṣé kí a pín in dọ́gba, kí ó má sì tó ẹnikẹ́ni, àbí kí a kọ́kọ́ gba ilé fún àwọn tí ó ní ọmọ ọwọ́? Èkejì ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìjà ń bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo ni ẹ ṣe là á yé àwọn yòókù?