Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ òróró tó dáa lọ́jà?

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ́mì mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ní ká ṣọ́ra fún iyọ̀ àti òróró, èmi ni mo sì ń se oúnjẹ nílé. Mo rí i kà pé láti 2022 ni NAFDAC ti ṣòfin pé trans fat, ìyẹn irú ọ̀rá burúkú kan tó máa ń wà nínú àwọn òróró kan, ò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá, inú mi dùn sí i gan-an torí pé trans fat yẹn máa ń fa àrùn ọkàn. Àmọ́ Mushin la wà, òróró tí mò ń rà ní Ojúwòyè, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ìgò fún wa, kò sí lébẹ̀ẹ̀lì, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀, báwo wá ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó bófin mu? Èyí tó wà nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n lẹ̀ pa, owó ẹ̀ ti ju agbára wa lọ. Ṣé kí n kúkú máa fi epo pupa díẹ̀ se gbogbo nǹkan ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta òróró tàbí tẹ́ ẹ mọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, ọ̀la ni mò ń lọ sọ́jà.