Mo so preamp mọ́ Scarlett, ohùn wá ń fọ́. Ihò wo ló yẹ kí n ki wáyà bọ̀?

OmoTanke_Beats
Salaamu alaykum ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Sítúdíò kékeré kan ni mo ní ní Tánkẹ́, Ìlọrin níbí, àwọn oníwákà àti onídàdàkúàdà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, ìgbà míì àwọn Alfa náà máa ń wá gba wáàsí sílẹ̀. Scarlett 2i2 3rd Gen (interface, àpótí tó ń gbé ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà) ni mò ń lò, máìkì mi SM7B. Ẹ mọ̀ pé máìkì yẹn ò lóhùn, mo lè yí gain (bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè) dé òkè pátápátá kó ṣì kéré, ariwo ṣṣṣ á sì máa bá a bọ̀ lábẹ́. Bọ̀dá kan wá ta ART Tube MP (preamp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì sókè) fún mi, tòkúnbọ̀ ni, ó ní kí n ṣáà gbé e sáàárín. Mo wá fi wáyà XLR (wáyà máìkì onípin mẹ́ta) fà á láti ẹ̀yìn preamp wá síwájú Scarlett, hà! bí olórin ṣe lanu báyìí iná tó yí gain ká ti pọ́n kankan, mo yí gain Scarlett wálẹ̀ pátápátá ó ṣì ń fọ́. Ṣé preamp yìí ló bàjẹ́ ni? 48V yẹn (iná tí wọ́n ń gbà inú wáyà fi ránṣẹ́ sí máìkì) ńkọ́, ara èwo ni kí n ti tàn án, àbí méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè o, olórin kan ń bọ̀ ní Sátidé.

Alfa_Soundman
Wa alaykum salaam àbúrò. Kò bàjẹ́, fọkàn ẹ balẹ̀, ihò tóo ki wáyà bọ̀ ni ò dáa. Ihò iwájú Scarlett yẹn, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, tóo bá ki XLR bọ̀ ọ́ á gbà pé máìkì lo gbé wá, á sì bá ẹ gbé ohùn sókè, àfi tóo bá ki jack ńlá sí àárín ẹ̀ ló máa mọ̀ pé line ni, ìyẹn ohùn tí ẹ̀rọ mìíràn ti gbé sókè. Ohun tó ń jáde lẹ́nu máìkì ò ju mílífóltì díẹ̀ lọ, preamp ẹ ti gbé e dé bíi 1.23 fóltì, ìyẹn +4 dBu (dBu ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn inú wáyà ṣe lágbára tó) táwọn ẹ̀rọ sítúdíò ń lò, tí olórin bá sì pariwo á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ wá gbé gbogbo ìyẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń retí mílífóltì, ṣé kò ní fọ́ ni?

Wáyà tóo máa wá ni èyí tẹ́nu ẹ̀ kan jẹ́ XLR abo, ẹnu kejì jack TRS, èyí tó ní òrùka dúdú méjì lára, má gba olórùka kan o. Bóò bá rí i rà, gbé e fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe kó fi léèdì lẹ̀ ẹ́ fún ẹ, pin 2 lọ sí ṣóńṣó, pin 3 sí òrùka àárín, pin 1 sí ìdí jack. Bọ́tìnì INST (ti gìtá) ara Scarlett, pa á. Gain Scarlett, yí i wálẹ̀ pátápátá kóo fi síbẹ̀, ara preamp ni wàá ti máa yí ohùn, kí ibi tó ga jù máa kan bíi -12 tàbí -10 dB nínú kọ̀ǹpútà, òdo ni ibi tí ohùn ti máa ń fọ́. 24-bit (tó ń gba ohùn kékeré sílẹ̀ láìsí ariwo) lò ń lò, kò sídìí tóo fi ní láti tì í mọ́ òdo.

48V, SM7B ò nílò ẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ tóo bá lo máìkì condenser (irú èyí tó ń nílò iná), ara preamp ni wàá ti tàn án torí òun ni máìkì wà lára ẹ̀. Ti Scarlett, pa á, kò yẹ kóo máa rọ 48 fóltì padà sẹ́nu ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde lára preamp.

DJ_Offa01
Alfa ẹ má bínú o, èmi ò rò pé ó le tó báyẹn. XLR sí XLR lèmi náà ń lò ní Ọ̀fà níbí, mo kàn yí output preamp wálẹ̀ ni, ohùn ń jáde dáadáa. Kí ló ń fún wa ní wàhálà wáyà tuntun nígbà tówó ò sí.

Alfa_Soundman
Ohùn á jáde, èmi ò sọ pé kò ní jáde. Ṣùgbọ́n wo bí nǹkan ṣe rí: lára 2i2 3rd Gen yìí, ihò máìkì ò lè gbà ju 9 dBu lọ tí gain bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ihò line gba 22 dBu. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì mẹ́tàlá gbáko ni! Kí ìwọ tó lè rí i lò, o ti ní láti pa ohùn tí preamp ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sókè, kí Scarlett tún wá gbé e sókè padà, ariwo preamp àti ariwo Scarlett á wá wà lórí ara wọn. Ó sàn kóo má ra preamp rárá.

Èmi ò kúkú ní purọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì ṣá, jack náà ò fo gain Scarlett kọjá, gain yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí line, ìyẹn ni mo ṣe ní kó wà nísàlẹ̀.

MummyChoir_OmuAran
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un torí mo rí àwọn èèyàn tó ń pa nǹkan méjì yìí pọ̀. Cloudlifter àtàwọn kékeré bíi tiẹ̀ kì í ṣe irú preamp tí brọ̀dá ní yìí o. Ìyẹn máa ń fi bíi 25 dB kún ohùn, àárín máìkì àti interface ló ń wà, ihò XLR gan-an lẹ máa gbé e lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ tan 48V Scarlett kó tó ṣiṣẹ́. Òdìkejì gbogbo ohun tí Alfa sọ lókè yẹn ni, ẹ ò rí i pé téèyàn bá ka tibí fún tọ̀hún ọ̀rọ̀ á dojú rú.

Brọ̀dá, tẹ́ ẹ bá wá ń gbọ́ hùùù lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti so ó tán, ẹ fi preamp àti kọ̀ǹpútà sínú extension kan náà, kí ọ̀kan má wà lára jẹnẹrétọ̀ kí èkejì wà lára ínfátà. Àwọn ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn kì í jáde ní pure sine wave náà máa ń pariwo sínú ohùn. Ádápítọ̀ ńkọ́? Torí ó jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára preamp bóyá AC ni àbí DC, ẹ wá wò ó bóyá ádápítọ̀ tí wọ́n kó lé yín lọ́wọ́ bá a mu.

OmoTanke_Beats
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti rí bàbá kan ní Gẹ́rí Àlímì tó máa lẹ wáyà náà, ọ̀la ni mo máa lọ gbà á. Ádápítọ̀ náà bá a mu, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyọ kan ló kù: olórin Sátidé yẹn ń mú onílù bọ̀, ṣé kí n wá preamp kejì fún ìlù ni?

Alfa_Soundman
Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ìlù ò dà bí ohùn èèyàn, ariwo ẹ̀ tó tẹ́lẹ̀. Ki SM58 tàbí èyíkéyìí tóo bá ní tààrà sí ihò kejì Scarlett, XLR ni o, máìkì nìyẹn, gain díẹ̀ báyìí á tó o. Sún máìkì sẹ́yìn díẹ̀ lára awọ, kóo sì ní kí onílù kọ́kọ́ lù ú bó ṣe máa lù ú nígbà tórin bá gbóná, torí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo wọn máa ń lù tóo bá ń yẹ ohùn wò.

DJ_Offa01
Ìyẹn dá mi lójú, òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́, bi bàbá wáyà yẹn bóyá á lẹ méjì, èmi náà fẹ́ kan.