Ṣé ọ̀nà Jẹ́ríkò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní tòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, Lúùkù 10:30, nínú àkàwé Jésù nípa ará Samáríà rere, sọ pé ọkùnrin kan ń ti Jerúsálẹ́mù "sọ̀kalẹ̀" lọ sí Jẹ́ríkò. Ṣé àkànlò èdè lásán ni?

Èsì 1: Rárá o, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Jerúsálẹ́mù fi nǹkan bí 750 mítà ga ju ojú òkun lọ, Jẹ́ríkò sì fi nǹkan bí 250 mítà rẹlẹ̀ sí ojú òkun, nítorí náà ẹni tó bá rin ọ̀nà náà yóò sọ̀kalẹ̀ tó 1,000 mítà, nínú aṣálẹ̀ olókùúta tí àwọn ọlọ́ṣà ti lè lúgọ sínú ihò àpáta.

Èsì 2: Ẹ tún wo ẹsẹ 31: àlùfáà tó gba ọ̀nà náà kọjá ń sọ̀kalẹ̀ ni, ìyẹn ni pé ó ń ti Jerúsálẹ́mù, ìlú Tẹ́ńpìlì, bọ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. N kò kíyè sí ti àlùfáà yẹn rí.